Níbo Ló Yẹ Ká Ti Pín In? LibreOffice àti Ìdì Rẹ̀ Lórí Debian

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Package ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ṣùgbọ́n ìdì ni n ó máa pè é, torí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn: fáìlì tí wọ́n kó jọ, tí wọ́n dì, tí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ìdì mìíràn tó gbọ́dọ̀ bá a rìn sí i lára.

Ẹ jẹ́ ká mú LibreOffice, àkójọ ètò fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, lórí Debian, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Kóòdù kan náà ni, àmọ́ ìdì tó ń jáde látinú rẹ̀ lé ní 100. Èwo ló yẹ kó dá dúró, èwo ló yẹ ká dì mọ́ èkejì?

Ohun tó kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé ká fi iṣẹ́ pín in: Writer fún lẹ́tà, Calc fún ìṣirò owó. Bẹ́ẹ̀ náà ni Debian ṣe, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní Writer nìkan lòun fẹ́, kí ẹrù lè fúyẹ́, yóò rí i pé libreoffice-core bá a wọlé. Òun ló wúwo jù, torí inú rẹ̀ ni ohun tí gbogbo wọn jọ ń lò wà. Èrè ìpín yẹn kò tó bí a ṣe rò.

Base, apá LibreOffice tó ń tọ́jú àkójọ dátà (database), ni kí ẹ wò. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣeé ṣe láìsí Java, ètò ńlá mìíràn tó dá dúró. Ká ní wọ́n dì í mọ́ Writer ni, akọ̀wé tó fẹ́ tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo ni yóò máa ru Java kiri láìnídìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni server, kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó jókòó tì í, tó kàn ń sọ ìwé di PDF lóru: kò ní ojú kankan tí èèyàn ń wò, ìdí nìyẹn tí libreoffice-core-nogui fi wà fún un. Mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí pé kó má ka àmì tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Kó bi fáìlì kọ̀ọ̀kan léèrè pé, "Ta lo ń fà lọ́wọ́ bọ̀?"

Àwọn àwòrán àti fáìlì tí kò yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn wà nínú libreoffice-common. Irú ẹ̀rọ 9 ni Debian 12 ti ọdún 2023 ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní libreoffice-core tirẹ̀. Ká ní inú rẹ̀ ni wọ́n kó wọn sí, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọn ì bá tọ́jú ohun kan náà.

Àpínjù náà ní ìyà tirẹ̀. Gbogbo ìdì ló ní àkọsílẹ̀ nínú àkójọ tí apt update, àṣẹ tí Debian fi ń wá ìdì tuntun, ń gbà wálẹ̀, ẹni tí kò ní lò ó láéláé náà sì ń fi dátà rẹ̀ gbà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdì ni Fedora, ètò kan bíi Debian, pín TeX Live, àkójọ ètò fún títẹ ìwé, sí. Debian kó tirẹ̀ jọ sí ìdì ńláńlá díẹ̀. Ti Debian ló tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ tún ìpín ṣe lẹ́yìn tó ti dọ́wọ́ àwọn èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra. Tí fáìlì bá kúrò nínú ìdì kan bọ́ sínú òmíràn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ Breaks àti Replaces, ìlà méjì tó ń sọ pé ó gba fáìlì náà lọ́wọ́ ẹ̀yà àtijọ́ ìdì àkọ́kọ́, sí ìdì tuntun náà. Mo gbàgbé rẹ̀ nígbà kan. Dpkg, ètò tó ń fi ìdì sórí Debian, kọ̀ jálẹ̀ pé ìdì méjì kò lè ní fáìlì kan náà, ìmúdójúìwọ̀n àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ mi sì há sáàárín. Ó dùn mí gan-an.

Ní ti ẹni tí gbogbo àlàyé yìí kò kàn, ìdì kan wà tó ń jẹ́ libreoffice lásán. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju orúkọ àwọn yòókù lọ. Ó kàn ń pè wọ́n wá ni.