Orúkọ Tó Wà Lójú Ọ̀run

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa.

Bí ọkọ̀ òfurufú bá gbéra ní pápákọ̀ Àkúrẹ́, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, tó forí lé Èkó, kò sí títì lókè, kò sí oríta, kò sí ẹni tí awakọ̀ máa bi léèrè ọ̀nà. Síbẹ̀ ó mọ ibi tó ti máa yà. Àwọn ẹ̀rọ rédíò kan wà nílẹ̀ tó ń tọ́ ọ sọ́nà, àwọn ibi tí wọ́n ń pè ní waypoint sì wà: ojú kan lófurufú tí wọ́n fi ìlà ìbú àti ìlà òró ayé dá mọ̀, tí wọ́n sì sọ lórúkọ. Bí ẹ bá kọjá níbẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Inú máàpù àti inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló wà.

Lẹ́tà márùn-ún péré ni orúkọ náà. ICAO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú, fẹ́ kó rọrùn láti pè lórí rédíò, kó má sì jọ òmíràn tó wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò nítumọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n níbi tí ènìyàn ti jókòó rò ó, ó dùn!

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹran yíyan ni wọ́n fi mọ Kansas City ní Amẹ́ríkà. Ẹ wo orúkọ tó wà lójú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ibẹ̀: BARBQ, SPICY, SMOKE, RIBBS. Ẹran orí iná, ata, èéfín, egungun ìhà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà ní Portsmouth, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. Ẹni tó ń bọ̀ wá balẹ̀ á gba ITAWT, ITAWA, PUDYE àti TTATT kọjá. Ẹ pè wọ́n pọ̀ kíákíá: ọ̀rọ̀ Tweety ni, ẹyẹ kékeré inú káátúùnù tó rò pé òun rí ológbò. Bí awakọ̀ kò bá wá lè balẹ̀, tó ní láti tún gòkè, IDEED ló ń lọ: ẹyẹ ní òun rí i lóòótọ́. Ẹni tó to èyí fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wù mí kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. OWENA, odò wa, pé márùn-ún láìgé láìlẹ̀. AKOKO náà pé. IDANRE fi lẹ́tà kan lé, àmọ́ OROSU lè dúró fún òkè Orósùn. AKURE àti IKARE ni kò lè súnmọ́ra: ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní mọ ìyàtọ̀ ohùn wọn, bí rédíò bá sì ń hó, ó lè mú ọ̀kan fún èkejì. Ọkọ̀ á ṣìnà nìyẹn.

NAMA ló ń bójú tó ojú ọ̀nà òfurufú Nàìjíríà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí i pé ibòmíràn láyé kò tíì gba orúkọ tí wọ́n bá fẹ́ lò. Ẹ̀yin ará Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Òkìtìpupa, orúkọ lẹ́tà márùn-ún wo ló wà lágbègbè yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò yìí.