Bá a ṣe ń fi kámẹ́rà dí ìpá tó yọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìdí

Ẹ káàbọ̀ o ẹ̀yin àbúrò mi, Abẹ́òkúta la wà. Ìyá tá a fẹ́ ṣiṣẹ́ fún yìí ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, ó ní ká fi hàn yín. Jẹjẹrẹ ló jẹ́ kí wọ́n yọ ìfun ìdí àti ihò ìdí ẹ̀ pátápátá, inú báàgì ló ń yàgbẹ́ sí, iṣan tó gbé ìfun dúró nísàlẹ̀ ti lọ, ni ìfun bá ń rọ́ wá síbẹ̀, ìpá tá à ń wí nìyẹn, tí màmá bá jókòó á dà bí ẹni jókòó lé bọ́ọ̀lù. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán inú ara, CT tàbí MRI o, kó dá yín lójú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ ló padà wá.

Wọ́n ti fi oorun kùn ún, rọ́bà ìtọ̀ ti wọlé, a dorí bẹ́ẹ̀dì kodò díẹ̀, gáàsì tá a fi fẹ́ ikùn wà ní 12 mmHg. Báàgì ẹ̀ wà lósì, ọ̀tún la ti ki kámẹ́rà wọlé.

Ẹ sún mọ́ ọn, ibí gan-an niṣẹ́ wà. Ìfun ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bí ewé ṣe ń lẹ̀ mọ́ mọ́ínmọ́ín, tẹ́ ẹ bá fà á, á ya. Sísọ́ọ̀sì lásán ni mò ń lò, mi ò jẹ́ kí iná tá a fi ń gé ẹran ara sún mọ́ ìfun, torí ibi tó jó lè má jò lónìí, kó wá jò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Mo kánjú níbí rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìfun lu, a rán an, mi ò fi nẹ́ẹ̀tì tá a fi ń dí àlàfo sí i lọ́jọ́ náà, aláìsàn ní láti padà wá, ó dùn mí gan-an.

Ẹ wo nǹkan funfun tó ń yí bí ekòló yẹn, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín ni, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Nẹ́ẹ̀tì ló kàn. Ojú tó ń dán ló ń kọjú sí ìfun kó má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, kó sì tóbi ju àlàfo náà lọ dáadáa. Lápá ẹ̀yìn, egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn la rán an mọ́, ẹ má ki abẹ́rẹ́ jìn, ẹ̀jẹ̀ tó bá ta níbẹ̀ ṣòro dá dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, okùn ni mo fi ń rán an, mi ò kan ìṣó síbẹ̀ nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó kọjá. Níwájú, ẹ̀yìn ojú ara ni. Ẹ má fà á le bí awọ gángan, tí màmá bá dìde, ìfun á wúwo lé e.

Ẹ wá jẹ́ kí gáàsì jáde díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo bí ìfun ṣe ń padà sórí nẹ́ẹ̀tì, tí etí ẹ̀ kan bá ká sókè, ẹ padà wọlé lọ rán an.