Backtest yín ń falẹ̀? Láptọ́ọ̀pù kọ́ ló jẹ̀bi

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Ṣàgámù ni, iná wà, ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é kí wọ́n tó mú un. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò mi ni, ẹ bá mi fara dà á.

Ìbéèrè kan ni ẹ ń bi mí ṣáá, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè: "Bọ̀ọ̀dá, backtest mi ń fi gbogbo òru ṣiṣẹ́, ṣé kí n ra láptọ́ọ̀pù tuntun ni?" Ẹ fowó yín sápò. (Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: backtest ni fífi iye owó àtijọ́ dán ọgbọ́n ìràtà ṣíà wò, ìyẹn strategy.) Ọmọ Rẹ́mọ wo ló ń náwó sí ohun tí kóòdù ìlà mẹ́wàá lè tún ṣe?

Ó yá, ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà mi. Python rèé, pandas rèé, irinṣẹ́ Python fún dátà tó wà ní ìlà àti òpó (column). Iye owó ṣíà láti NGX, ọjà ṣíà Nàìjíríà, ló wà nínú fáìlì yìí, ká ní ṣíà 100, ọdún 10. Ọjọ́ ọjà tó nǹkan bí 250 lọ́dún, torí náà ṣíà kọ̀ọ̀kan ní ìlà bíi 2,500. Strategy wa ò le: tí ìpíndọ́gba iye owó ọjọ́ díẹ̀ tó kọjá (ọjọ́ kúkúrú) bá ti ga ju ti ọjọ́ púpọ̀ (ọjọ́ gígùn) lọ, a ra, tó bá já sísàlẹ̀ rẹ̀, a tà. Mi ò ní ṣàlàyé ìyẹn mọ́, fídíò rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wọn ibi tí àkókò ń gbà lọ. Ẹ tẹ èyí:

python -m cProfile -s cumtime backtest.py

Ẹ wò ó bó ṣe ń to orúkọ sílẹ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá, fáìlì yín fúnra rẹ̀ ni, ẹ fò ó. Ẹ wo ìsàlẹ̀ díẹ̀... ẹ̀n-ẹ́n! iterrows, èyí tó ń mú ìlà dátà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀! Kò sí ẹni tó fi kóòdù ránṣẹ́ sí mi tí mi ò bá a níbẹ̀. Orí ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá dé ni pandas ti ń to Series tuntun kan, kó tó wá fún yín ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́, lẹ́yìn náà á jù ú nù. Ẹ lọ sí Sábọ̀ níbí, ẹ wo àwọn oníṣòwò obì. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń ka obì ọkọ̀ àjàgbé lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó dá iye lé e? Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé gbogbo òpó náà lẹ́ẹ̀kan (close ni iye owó ìparí ọjà lójoojúmọ́):

fast = close.rolling(20).mean()
slow = close.rolling(100).mean()
pos = (fast > slow).astype(int).shift(1, fill_value=0)
ret = close.pct_change() * pos

Ó tán. Lúùpù kankan ò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá sì ti fi pivot to dátà yín kí ṣíà kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀, ìlà mẹ́rin yìí kan náà á ṣe gbogbo ṣíà 100 pọ̀.

Ẹ dúró o, shift yẹn, òun ló ń sún àmì ìrà òní sí ọjọ́ kejì. Ẹ má yọ ọ́! Iye owó ìparí ọjà òní lẹ fi mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ ra. Ẹ ò wá lè jẹ èrè òní yẹn kan náà. Ọ̀gá kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò tó kọjá pé strategy òun kì í pàdánù. Sà, ẹ kú oríire, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú kóòdù yín bóyá shift wà níbẹ̀. Ẹ sì rántí pé NGX kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ṣíà gòkè ju 10% lọ lójúmọ́. Lọ́jọ́ tó bá gòkè dé òpin bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ tà. Backtest yín rà á, ẹ̀yin ò lè rà á.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù la dé yìí. Ẹ̀yin tó ń fojú fo fídíò, ẹ dúró níbí.

Ẹ fẹ́ mọ ọjọ́ tó dára jù. Ẹ mú kúkúrú láti 5 dé 44, ogójì nìyẹn. Gígùn láti 51 dé 200, àádọ́jọ. Ẹ sọ wọ́n di méjì-méjì, ó di 6,000. Ohun tí mo ń rí nínú kóòdù yín ni pé ìgbà kọ̀ọ̀kan lẹ tún ń ṣírò ìpíndọ́gba méjèèjì, ìyẹn 12,000 lórí ṣíà kan. Mélòó ló wà níbẹ̀ ní tòótọ́? 40 àti 150: 190 péré! Ẹ ṣírò wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ kó wọn sínú dict, kí lúùpù yín kàn máa mú wọn (gbogbo_n ni nọ́ńbà ọjọ́ 190 yẹn):

ma = {n: close.rolling(n).mean() for n in gbogbo_n}

Èmi gan-an tún ń ṣe ju báyẹn lọ. Mo máa ń fi cumsum ro iye owó (close.to_numpy()) pọ̀ láti ọjọ́ kìíní, màá fi òdo ṣíwájú. Tí mo bá ti ní cs yẹn, ìpíndọ́gba ọjọ́ mélòó kan tó wù mí, àyọkúrò kan ṣoṣo ni:

(cs[n:] - cs[:-n]) / n

Ẹ lọ dán an wò kí ẹ wá sọ fún mi. Àwọn tó ń gbowó kọ́ yín kì í dárúkọ èyí.

Ẹnì kan ń bọ̀ tó máa ní kí n lọ fi C++ kọ ọ́. Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé àwọn ọ̀ràn kan wà tí òpó ò lè dá yanjú. Bíi stop-loss: kí ẹ tà tí ṣíà bá fi 8% dín sí iye tí ẹ rà á. Ọjọ́ òní gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a ṣe lánàá, torí náà lúùpù di dandan. Numba, irinṣẹ́ tó ń mú lúùpù Python yára, la ń lò níbẹ̀. Ẹ kọ lúùpù yín bó ṣe wù yín, ẹ fi @njit(cache=True) sórí rẹ̀. Ẹ má kó DataFrame fún un, kò mọ̀ ọ́n, close.to_numpy() ni kí ẹ fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá sáré á falẹ̀, torí ó ń sọ kóòdù yín di èdè ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni. Ìgbà kejì ni kí ẹ wọ̀n.

Ó kù díẹ̀, kíá kíá. CSV: ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi to_parquet tọ́jú rẹ̀ sí Parquet, irú fáìlì tó ń to dátà ní òpó-òpó, láti ìgbà náà lọ Parquet ni kí ẹ máa ṣí, òpó tí ẹ nílò nìkan. float32 máa ń gba ìdajì àyè float64 nínú mẹ́mórì. Iye owó lè wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ fi àpapọ̀ owó yín sílẹ̀ ní float64. Tó bá kan kí ẹ fi joblib pín iṣẹ́ fún gbogbo core (àwọn ọpọlọ inú kọ̀ǹpútà yín), ìkẹyìn pátápátá nìyẹn. Tí kóòdù burúkú bá ń sáré lórí core mẹ́jọ, burúkú náà ni.

Ẹ má tíì pa kóòdù àtijọ́ yín rẹ́ o. Ẹ mú ṣíà kan, ẹ fi èyí tó falẹ̀ ṣe é, ẹ fi tuntun ṣe é, kí ẹ wá béèrè np.allclose(atijo, tuntun, equal_nan=True). Tó bá ní True, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Tó bá ní False, ẹ má tíì pè mí, ẹ lọ wo shift yín ná.

Wọ́n ti mú iná. Kóòdù wà lábẹ́ fídíò.