Ta Ló Ní Kí Òǹkọ̀wé Panu Mọ́? Creative Writing àti Ẹ̀kọ́ Jẹ́ńdà

Mo kí gbogbo yín o. Alága ti ní ìṣẹ́jú 40 péré ni mo ní, ẹ sì mọ̀ mí, ó ṣeé ṣe kí n jẹ ẹ́ tán sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ ṣáà fara dà á.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Ní kíláàsì creative writing, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn àti ewì, òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lò: akẹ́kọ̀ọ́ á pín ìtàn ẹ̀ fáwọn yòókù, wọ́n á ti kà á kí wọ́n tó wá, tí wọ́n bá wá jókòó, gbogbo èèyàn ló máa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ àyàfi ẹni tó kọ ọ́. Òun á panu mọ́ títí wọ́n á fi parí. Àlàyé wọn ni pé tí ìwé bá ti jáde, òǹkọ̀wé ò ní máa tẹ̀ lé e kiri láti bá òǹkàwé jà. Àlàyé yẹn mọ́gbọ́n dání, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó, nínú ìtàn ìwé kíkọ, ta ni wọ́n ti ń sọ fún látayébáyé pé kó dákẹ́?

Ẹ̀yin náà kúkú mọ ti Charlotte Brontë, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìwé ìtàn Jane Eyre. Ó kó ewì ẹ̀ ránṣẹ́ sí Robert Southey, akéwì ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn, pé kó bá òun wò ó. Nígbà tí èsì dé lọ́dún 1837, bàbá yẹn ò sọ pé ewì náà burú o! Ó gbà pé ọmọ náà lẹ́bùn, ó wá ní ìwé kíkọ ò lè jẹ́ iṣẹ́ tí obìnrin máa fi ayé ẹ̀ ṣe, kò tiẹ̀ yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Kò bá a sọ nǹkan kan nípa ìlà kẹta tàbí ìlà kẹrin, ọ̀rọ̀ ọmọ ta ni ẹ́ ló ń sọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà Jane Eyre jáde, Currer Bell, orúkọ tí Charlotte fi bo ara ẹ̀, ló wà lára ẹ̀, àwọn èèyàn wá ń bára wọn jiyàn bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Charlotte fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé arìwísí kan ní ìwé náà dáa tó bá jẹ́ ọkùnrin ló kọ ọ́, àmọ́ ohun ìríra ni tó bá jẹ́ obìnrin. Ìwé kan náà!

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Ó dáa. Lọ́dún 2015, Catherine Nichols, òǹkọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, sọ bó ṣe fi ìtàn kan náà ránṣẹ́ sáwọn ejẹ́ǹtì, ìyẹn àwọn tó ń bá òǹkọ̀wé wá ilé iṣẹ́ tó máa tẹ ìwé ẹ̀, ó fi orúkọ ẹ̀ ṣe 50, ó tún fi orúkọ ọkùnrin ṣe 50. Ejẹ́ǹtì 2 ló béèrè ìwé lọ́wọ́ obìnrin, 17 ló béèrè lọ́wọ́ "ọkùnrin". Ohun tójú ẹnì kan rí ni, mi ò ní pè é ní ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní craft, ìyẹn ọgbọ́n ìkọ̀wé, nìkan làwọn ń wò, kí ló dé tí orúkọ ń wọlé ṣáájú craft?

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ wọ́kṣọ́ọ̀bù creative writing tiẹ̀ lọ́dún 1936. Lọ́dún 1970, àwọn òǹkọ̀wé Malcolm Bradbury àti Angus Wilson dá máàsításì creative writing sílẹ̀ ní University of East Anglia nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí Kazuo Ishiguro, òǹkọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Nobel, náà padà lọ kàwé. Ọdún 1970 yẹn gan-an ni yunifásítì San Diego State ní Amẹ́ríkà dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa obìnrin sílẹ̀, látinú irú ẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ jẹ́ńdà, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ipò tí àwùjọ ń fún ọkùnrin àti obìnrin, ti jáde. Nǹkan méjì yìí jọ dàgbà ni, wọn ò sì kíra wọn. Ọ̀kan ń yẹ gbólóhùn wò láìbéèrè ẹni tó ń dájọ́, èkejì ń béèrè ẹni tó ń dájọ́ láìlè kọ gbólóhùn tó ṣeé kà. Ẹ má bínú sí mi o, àbí ẹ ò gbọ́ pé Judith Butler, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ẹ̀kọ́ jẹ́ńdà, gba ipò kìíní nínú ìdíje ìkọkúkọ tí jọ́nà kan ṣe lọ́dún 1998? (Àwọn ará ẹ̀kọ́ jẹ́ńdà tó wà lápá òsì ò rẹ́rìn-ín.)

Àwọn ọ̀gá mi tó jẹ́ "craft nìkan" ní ẹ̀kọ́ jẹ́ńdà máa ń sọ ìtàn di ìwàásù. Mo ti ka irú ẹ̀, gbogbo ọkùnrin inú ẹ̀ ti burú láti ojú ewé kìíní, ó sú mi. Ṣùgbọ́n ìtàn tí obìnrin inú ẹ̀ ò níṣẹ́ méjì ju kó kú, kí ọkùnrin lè rí nǹkan sunkún lé lórí, ṣé ìyẹn kì í ṣe àléébù craft ni? Àléébù ni, ẹnikẹ́ni ò kàn kọ́ yín bí ẹ ó ṣe rí i.

Ibi tí mo dé rèé tí akẹ́kọ̀ọ́ kan nọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi fẹ́ràn òfin ìdákẹ́ yẹn. Tí wọ́n bá ní kí n sọ̀rọ̀, ẹ̀bẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀, máa ní ẹ máà bínú, kò tíì jinná. Ìgbà tí mo bá dákẹ́ ni mo tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n rí."

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn sì gba ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ mọ́ mi lẹ́nu, torí òótọ́ ni, ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti máa tọrọ àforíjì látilé, tó o bá kàn gbé máíkì fún un, ìyẹn nìkan ò sọ ọ́ di òmìnira. Mo wá bi í pé tó bá jẹ́ òun ló máa yan ohun tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lé lórí ńkọ́? Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Ìlànà kan wà tí Liz Lerman, tó ń kọ́ni níjó, gbé kalẹ̀ ní 1990. Àwọn òǹkàwé á kọ́kọ́ sọ ohun tó yé wọn tàbí tó wọ̀ wọ́n lọ́kàn, oníṣẹ́ fúnra ẹ̀ á wá béèrè ìbéèrè tiẹ̀, àwọn náà á béèrè èyí tí kò ní ìdájọ́ nínú, èrò ọkàn wọn á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbẹ̀yìn, tí oníṣẹ́ bá gbà. Ó lè dákẹ́ tó bá wù ú. Òun ló ní ìdákẹ́ náà, kì í ṣe tíṣà. Mo sì fẹ́ kí kálukú ti kọ ohun tó rí sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo ló máa ń darí kíláàsì, ẹ mọ irú ẹni tó máa ń jẹ́.

Alága ti ń na ìka méjì sí mi, àsìkò ti fẹ́ tán, ẹ jẹ́ kí n sáré mẹ́nu ba nǹkan mẹ́ta tó kù. Ọ̀rọ̀ PhD: ẹ lè kọ ìwé ìtàn kẹ́ ẹ fi àròkọ ìmọ̀ tì í, níbi tí wọ́n bá ti gbà bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá olùkọ́ méjì, ọ̀kan láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ìjọba: ní 2018 Hungary yọ ẹ̀kọ́ jẹ́ńdà kúrò lára máàsításì tí wọ́n fọwọ́ sí, nítorí náà ẹni tó bá ń sọ pé kò ṣe pàtàkì, ẹ bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń lé e. Ẹ̀yin bọ̀dá tẹ́ ẹ fi ìwé ránṣẹ́ síwájú pé ṣé ọkùnrin ò gbọdọ̀ kọ obìnrin mọ́: ẹ kọ ọ́, ẹ gbé e wá sí kíláàsì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn obìnrin ibẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.