Ọjọ́ Mélòó Lọ́sẹ̀? Iṣẹ́ Àtilé Ṣe, Iṣẹ́ Ọ́fíìsì àti Ìlú Tó Ń Jèrè

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ àtilé ṣe àti iṣẹ́ ọ́fíìsì, èwo ló ń mú ìlú gbèrú jù? Ìbéèrè tí wọ́n gbé fún àwa tó wá sọ̀rọ̀ níbi ìjíròrò yìí nìyẹn. Kí n tó dáhùn, èmi náà á kọ́kọ́ béèrè: ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ ń fi dandan ní kí òṣìṣẹ́ yọjú? Iye ọjọ́ yẹn ló ń pinnu ibi tí òṣìṣẹ́ lè gbé, ibi tó bá sì ń gbé ni owó oṣù rẹ̀ ń bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ 5, tó ń lo wákàtí 1 ní àlọ àti wákàtí 1 ní àbọ̀, wákàtí 10 ló ń lò lójú ọ̀nà lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá dín ọjọ́ náà kù sí 3, ó lè kó lọ sí ibi tó jìn tó wákàtí 1 àti ogójì ìṣẹ́jú, kí wákàtí 10 rẹ̀ má sì yẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 2, ó lè jìn dé wákàtí 2 àbọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ọ̀pọ̀ èèyàn kò gba ìyẹn. Nítorí náà, ọjọ́ 2 tàbí 3 kì í sábà gbé òṣìṣẹ́ dé ìgbèríko. Ẹ̀yìn odi ìlú ńlá kan náà ló ń gbé e dé. Ohun tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, Arjun Ramani àti Nicholas Bloom, rí ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn àrùn COVID-19 gan-an nìyí: èèyàn dín kù láàárín gbùngbùn ìlú ńlá, owó ilé níbẹ̀ sì rọlẹ̀, àmọ́ àwọn àdúgbò tó yí i ká gbèrú. Wọ́n fi wé dónọ́ọ̀tì, tí àárín rẹ̀ dá lu.

Ìgbà tí ọjọ́ ọ́fíìsì bá di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, tàbí tí kò sí rárá, ni ìlú tó jìnnà tó lè na ọwọ́. Láti ọdún 2018 ni ètò kan ti wà ní Tulsa, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, tó ń fún ẹni tó bá gbé iṣẹ́ àtilé ṣe rẹ̀ wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn ní 10,000 dọ́là, tó bá lè gbé níbẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán. Owó àjọ aláàánú kan ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ kíyè sí àdéhùn ọdún kan yẹn. Bí kò bá sí i, àlejò á gba owó tán, á sì gba ọ̀nà ibòmíràn lọ.

Ṣé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo wá tó nǹkan? Enrico Moretti, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì California ní Berkeley, ṣírò pé bí iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé 1 bá wọ ìlú kan ní Amẹ́ríkà, bó pẹ́ bó yá, nǹkan bí iṣẹ́ 5 mìíràn ń tẹ̀lé e, láti orí agbẹjọ́rò dórí ẹni tó ń gé irun. Àwọn aṣíwájú ìlú fẹ́ràn ìṣirò yìí púpọ̀, wọ́n sì máa ń ṣì í lò. Iṣẹ́ tó fìdí kalẹ̀ sínú ìlú ló ṣírò lé lórí. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sínú yàrá, tó ń ra gbogbo nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè gbé ìlú yín fún ọdún 3 kí oníṣòwò àdúgbò má mọ̀ ọ́n rí.

Ìyà owó ilé náà wà níbẹ̀. Àlejò tó ń gba owó oṣù ìlú ńlá kì í ná owó ilé ìgbèríko, ohun tí wọ́n bá dá lé e ló ń san. Inú onílé á dùn, ayálégbé tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọn á lé jáde. Kí ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn, ó yẹ kó ti ka ilé tó ṣófo, kó sì mọ iye tó ṣe é gbé nínú wọn.

Owó orí tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìpínlẹ̀ New York, bí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ibẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ mìíràn nítorí ìrọ̀rùn ara rẹ̀, òfin ka owó oṣù náà sí èyí tó rí ní New York, wọn á sì gba owó orí lórí rẹ̀. Láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, ọ̀pọ̀ àdéhùn owó orí ló ń wò ó bóyá òṣìṣẹ́ ti lò ju ọjọ́ 183 lọ ní orílẹ̀-èdè tó wà láàárín oṣù 12. Kí ìlú má tíì kọ owó orí àlejò sínú ètò ìnáwó rẹ̀ kí ó tó ka òfin tán.

Ní ti ìmọ̀, mi ò ní tan yín: ọ́fíìsì ṣì ní àǹfààní tirẹ̀. Natalia Emanuel, Emma Harrington àti Amanda Pallais wo àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ ńlá kan. Àwọn tí gbogbo ẹgbẹ́ wọn wà nínú ilé kan náà ń gba àtúnṣe àti ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ wọn ju àwọn tí ẹgbẹ́ wọn pín sí ilé méjì. Nígbà tí ọ́fíìsì tì nítorí COVID-19, ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, àwọn ọ̀dọ́ ló sì ń pàdánù jù. Lọ́wọ́ kejì, Bloom, Ruobing Han àti James Liang tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2024, lórí òṣìṣẹ́ 1,612 ní ilé iṣẹ́ Trip.com ní Ṣáínà. Láàárín àwọn tó ń fi ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé, iye àwọn tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù, kò sì pa iṣẹ́ tàbí ìgbéga wọn lára. Ẹni tó ti mọṣẹ́ lè jókòó sílé, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nílò alájọjókòó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ibi ìṣiṣẹ́ àjùmọ̀lò, ìyẹn ilé kan tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti lè jọ jókòó ṣiṣẹ́, ni ìlú kékeré yẹ kó náwó lé. Ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ká ní èèyàn 20 ló máa lò ó. Ìpàdé orí fídíò tó mọ́ kedere ń jẹ nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 3 sí 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ní àlọ àti ní àbọ̀. Bí èèyàn 10 bá wà nípàdé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ nílò mẹ́gábíìtì 40 ní ti fífi ránṣẹ́. Ibí yìí ni wọ́n ti ń jìn sí kòtò: ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní 100 lè má fi ju 10 ránṣẹ́, torí 100 yẹn jẹ́ ti gbígbà wọlé. Ẹ̀yin á máa gbọ́ àwọn tó wà ní òdìkejì ìpàdé dáadáa, àwọn á sì máa wo àwòrán yín tó dúró gbọin. Sátẹ́láìtì òkè pátápátá, tó wà ní kìlómítà 35,786, kò dára fún ìpàdé: ó ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ kí èsì ọ̀rọ̀ tó padà dé, gbogbo èèyàn á wá máa já lu ara wọn. Àwọn tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 550 kò ní ìṣòro yẹn. Ẹ gba ìlà méjì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ méjì, kí ẹ sì béèrè bóyá inú kòtò kan náà ni wáyà méjèèjì gbà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni kan tó ń gbẹ́lẹ̀ lè gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan.

Ó kan iná. Láptọ́ọ̀pù 1 ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 50. Fún 20, fún wákàtí 8, wáàtì-wákàtí 8,000 nìyẹn, láìtíì ka gílóòbù àti fáànù. Bátìrì olójé tó jẹ́ fólítì 12, 100Ah, máa ń fi wáàtì-wákàtí 1,200 yangàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lò ju ìdajì rẹ̀ lọ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Ó ku 600. Ínfátà (inverter), tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, á jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó ku 540. Bátìrì 15 ni iṣẹ́ ọjọ́ kan bí iná bá lọ látàárọ̀. Líthíọ̀mù wọ́n lówó ju òjé lọ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ lè lo ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ láìpa á lára.

Èyí tó ń lé èèyàn padà sílé jù ni ariwo. Wọ́n á ra tábìlì gígùn kan tó rẹwà, wọ́n á gbé e sáàárín gbọ̀ngàn, wọ́n á ya fọ́tò. Bó bá di aago mẹ́wàá, èèyàn mẹ́fà ń ṣèpàdé lórí tábìlì kan náà, àwọn tó kù á kó ẹrù wọn. Bí ẹ bá bi mí, yàrá kékeré onílẹ̀kùn kan fún èèyàn 4 tàbí 5 kọ̀ọ̀kan tó ń lo ibẹ̀ ló kéré jù, kí tábìlì ẹlẹ́wà tó tẹ̀lé e.

Nígbà ìbéèrè, ẹnì kan bi wá léèrè ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ lè kọ́kọ́ ṣe. Kó wá àwọn ará ìlú tó ti ń ṣe iṣẹ́ àtilé ṣe báyìí, torí wọ́n ti ní ilé, wọ́n sì ti mọ àwọn oníṣòwò ibẹ̀. Kó bi wọ́n ní ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù ni wọ́n ń lọ sí ọ́fíìsì, kí ni íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí sì ni ì bá mú wọn kúrò nílùú. Bí 8 nínú 10 bá sọ pé ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀ làwọn ń rìn, ọ̀nà àti ọkọ̀ ni kó náwó lé, kó fi ibi ìṣiṣẹ́ sílẹ̀ ná.