Gààrí Ìjẹ̀bú Ni Ìwé Ẹ́ńsáìmù Tiwa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka báókẹ́mísìrì ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ̀yin ará Ìlíṣàn, ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Ẹ ti ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ẹ bu gààrí Ìjẹ̀bú sínú ife. Òun la fẹ́ kà lónìí.

Gbágùúdá tútù ní sáyánáìdì, májèlé ni, ẹ mọ ìyẹn. Kí ló wá dé tí a ń mu gààrí láti kékeré tí kò ṣe wá ní nǹkan kan?

Bí mo bá bi àwọn ọmọ kíláàsì, ìdajì á ní iná ni. Àwọn yòókù á ní kíkan ni. Èmi náà kọ iná sínú ìdánwò nígbà tí mo wà ní 200 level, mo sì gba òdo. Ẹ gbọ́ o: LÍLỌ̀ NI. Lílọ̀ ni!

Ẹ wò ó. Sáyánáìdì kì í dá wà nínú gbágùúdá. Ara ṣúgà ló so mọ́, ìyẹn là ń pè ní linamarin, inú vacuole, àpò omi inú sẹ́ẹ̀lì, ló sì tilẹ̀kùn mọ́rí sí. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, tó lè já a, linamarase, ara ògiri sẹ́ẹ̀lì ló wà. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, wọn kì í fojú kanra! Àfìgbà tí ẹ̀rọ bá lọ gbágùúdá, tí ògiri wó. Kíá, linamarase á já glúkóòsì, ṣúgà yẹn, kúrò, á ku acetone cyanohydrin. Ìyẹn náà á pín sí acetone àti hydrogen cyanide, sáyánáìdì gan-an nìyẹn. Hydrogen cyanide ń hó, á sì fò lọ bí gáàsì, ní nǹkan bí 26°C péré. Ọ̀sán Ìjẹ̀bú-Òde gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Ìyá àgbà mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó kì í jẹ́ kí ọmọdé dúró sídìí agbada bí wọ́n bá ń yan gààrí. "Ẹ kúrò nínú èéfín yẹn!" Èéfín igi nìkan ni mo rò pé wọ́n ń sọ. Yunifásítì ni mo ti wá mọ ohun tó ń bá ooru yẹn jáde.

Ẹ padà síbi iná. Bí ẹ bá ju odindi gbágùúdá sínú omi híhó, ta ló kọ́kọ́ kú? Linamarase! Òṣìṣẹ́ ti kú, linamarin ṣì jókòó, àfi èyí tó bá yọ́ sínú omi. Ẹ́ńsáìmù gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ KÍ INÁ TÓ DÉ.

Kíkan ńkọ́? Àwọn bakitéríà ló ń mú un kan fún ọjọ́ mélòó kan nínú àpò. Àmọ́ pH ni a fi ń wọn kíkan, bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i ló ń wálẹ̀; bí pH bá ti wá sílẹ̀ ju 5 lọ, acetone cyanohydrin kì í tètè pín mọ́. Ooru agbada ló ń lé ìyókù lọ. Iṣẹ́ iná nìyẹn, ìkẹyìn ló ń dé.

Ó yá, kí ẹ tó da omi sí gààrí yẹn, ẹ mú bébà. Ẹ ya sẹ́ẹ̀lì kan, ẹ fi linamarin sínú, ẹ fi linamarase sára ògiri. Ẹ wá fi bírò pupa fa ibi tí ẹ̀rọ ti gé e.