Ta Ló Ń Dá Àṣà Sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ Láti Adó-Èkìtì

DÉLÉ: Èkìtì kete o! Ẹ̀yin èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Toronto, ní Houston, níbi yòówù tí ẹ bá wà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Adó-Èkìtì la ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí, ní àgbàlá ilé bàbá Àǹtí Fúnmi. Bí ẹ bá gbọ́ tí àkùkọ ń dá sí ọ̀rọ̀ wa, ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀.

FÚNMI: Ẹ kú àtijọ́ o. Oṣù kẹjọ la wà yìí, Ùdírókò, ọdún ìbílẹ̀ Adó, dé, ọ̀nà ààfin Ẹ̀wí, ọba Adó, kún fọ́fọ́. Ìdí nìyẹn tí àwa méjèèjì fi wálé.

DÉLÉ: Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tòní ti ṣẹ̀. Bí a ṣe ń ti ààfin bọ̀, mo ní inú mi dùn pé àwọn ọmọ mi fojú ara wọn rí àṣà.

FÚNMI: Mo wá bi ọ́ pé kí ni wọ́n rí? O ní ìlù, aṣọ òkè, ìlẹ̀kẹ̀, ọba lórí ìtẹ́. Gbogbo ìyẹn dára, mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Ṣùgbọ́n wo àwọn tó ń wọlé lọ kí Kábíyèsí ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Ta ló sọ fún wọn pé ẹgbẹ́ tiwọn ló kàn? Ta ló ní kí àwọn ìyá yà sápá kan kí àwọn ìjòyè lè kọjá? Kò sí ọlọ́pàá tó lé wọn. Ohun tí olúkálùkù mọ̀ pé ó tọ́ kí òun ṣe, kí ẹnikẹ́ni tó pàṣẹ, òun ni mò ń pè ní àṣà. Aṣọ àti ìlù ń bá a rìn ni.

DÉLÉ: Ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa ní ohun tí Edward Tylor, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ ní 1871. Ó ní àṣà kó ìmọ̀ mọ́ra, ó kó ìgbàgbọ́ mọ́ra, iṣẹ́ ọnà, ìwà, òfin, àti gbogbo ohun tí èèyàn kọ́ torí pé ó ń gbé láàárín àwùjọ.

FÚNMI: Ó gbà á. Kíkọ́ la ń kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó gbé e wáyé. Ohun tí mo sì fẹ́ kí a tú wò lónìí nìyẹn: bí a bá ń kọ́ ọ, àwọn kan ló dá a sílẹ̀. Ta ni wọ́n? Ṣé àwa náà lẹ́nu níbẹ̀?

DÉLÉ: Ẹ fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀ fún wa.

FÚNMI: Jẹ́ kí n mú Ìrè-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́. Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn Ògún níbẹ̀. Ó ti ojú ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n pé jọ sí. Ó kí wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó gbé agbè ẹmu kan, òfìfo ni. Ó gbé òmíràn, òfìfo. Ó ní wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú òun. Ló bá fa idà yọ, ó ń bẹ́ wọn lórí. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn tán ló tó mọ̀ pé ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tó mọ ohun tó ṣe, ó wọlẹ̀.

DÉLÉ: Ìtàn ìbínú ni wọ́n fi kọ́ wa.

FÚNMI: Ìbínú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà méjì ni mo rí tó kọlu ara wọn. Ọ̀kan sọ pé bí èèyàn bá ti ọ̀nà jíjìn dé, kí i, fún un ní nǹkan mu. Èkejì sọ pé lọ́jọ́ tòní, ẹnu gbọdọ̀ pa dé. Àwọn ará Ìrè kò hùwà àìdáa, àṣẹ ìpàdé wọn ni wọ́n ń pa mọ́. Ògún náà mọ ohun tó tọ́ sí jagunjagun tó ti ogun dé. Kò kàn sí ẹnì kan ṣoṣo láàárín wọn tó lè ṣàlàyé fún un.

DÉLÉ: Àǹtí, ọ̀rọ̀ àwa tí a wà lókè òkun lẹ sọ yẹn. Nígbà tí mo dé Kánádà, mo máa ń wọ ibi iṣẹ́ láàárọ̀, màá kí gbogbo wọn. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á mi orí, kò ní gbójú sókè. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò bá dá ọ lóhùn ní nǹkan sí ọ nínú. Lọ́dọ̀ tiwọn, kí o fi èèyàn sílẹ̀ kó ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀, ọ̀wọ̀ ni. Mélòó nínú àwọn èèyàn wa ló ti ní kùnrùngbùn sí àwọn tí kò ní nǹkan sí wọn nínú rárá!

FÚNMI: Wá wo ohun tí ìkíni ń ṣe nílùú. Láàárọ̀ yìí mo lọ ra àkàrà. Ìyá tó ń dín in bi mí pé ìyá mi ńkọ́. Mo ní wọ́n wà. Ó ní orúnkún wọn ńkọ́, ṣé ti apá òsì ṣì ń dùn wọ́n bí wọ́n bá fẹ́ dìde? Délé, ó mọ orúnkún tó ń dun ìyá mi. Bí ìyá mi kò bá yọjú fún ọjọ́ méjì, ìyá alákàrà yẹn á wá kan ilẹ̀kùn. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí mò ń gbé, ìjọba ìbílẹ̀ ń sanwó fún àwọn tí yóò máa lọ bẹ àgbàlagbà wò nílé. Iṣẹ́ kan náà ni. Níbí, inú “ẹ káàárọ̀” ló wà.

DÉLÉ: Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ ń kọ́? Ẹni tó mọ orúnkún ìyá yín náà ló mọ aago tí ọmọbìnrin àdúgbò wọlé lálẹ́, tí yóò sì rò ó fún gbogbo ọjà.

FÚNMI: Òótọ́ ni. Ojú tó ń tọ́jú ẹni náà ló ń ṣọ́ ẹni. Mi ò fẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ ilé bí ẹni pé oyin nìkan ló wà níbẹ̀. Mo mọ àwọn ọmọbìnrin tó sá kúrò nílùú nítorí ojú yẹn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

DÉLÉ: Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìwé, torí mo mọ̀ pé àwọn olùgbọ́ wa ń retí ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ Èkìtì ò lè ṣe kó má kàwé. Wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

FÚNMI: Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn baba baba wa jẹ́ àgbẹ̀, ọdẹ, alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ, wọ́n sì gbọ́n. Àwọn ìjọ ló kọ́kọ́ kó ilé ìwé kéékèèké wá. Ní 1933 ni Christ’s School bẹ̀rẹ̀ níbí ní Adó, lábẹ́ àlùfáà Henry Dallimore. Ní 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn. Ṣé o rí i? Kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún láti 1933 títí di òní, síbẹ̀ a ń sọ ọ́ bí ohun tí Odùduwà fi lé wa lọ́wọ́.

DÉLÉ: Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà ló sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn. Kí ló dé tó fi wọ Èkìtì lára tó báyìí?

FÚNMI: Torí pé ó bá ohun tó ti wà nílẹ̀ pàdé. Àwọn èèyàn wa ti mọ ọ̀wẹ̀, wọ́n ti mọ àáró. Bí oko ẹnì kan bá fẹ́ di igbó mọ́ ọn lọ́wọ́, gbogbo wọn á kọjú sí i, lọ́la wọ́n á bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Nígbà tí ilé ìwé dé, ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe náà ni wọ́n ṣe. Wọ́n po amọ̀, wọ́n ru òkúta, wọ́n dá owó kòkó jọ. Wàá rí bàbá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, tí yóò pe ọmọ rẹ̀ jókòó lálẹ́ kó ka lẹ́tà sókè, kí àwọn ará ilé kejì lè gbọ́. Ilé kejì á gbọ́ lóòótọ́, àwọn náà á wá owó ìwé fún tiwọn. Bí ó ṣe di àṣà nìyẹn: ó di ohun ìtìjú pé kí ilé kan má ní ọmọ tó kàwé.

DÉLÉ: Ẹ wo èso rẹ̀ ná. Adégòkè Olúbùmmọ̀ láti Òrìn-Èkìtì di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Ìbàdàn. J. F. Adé Àjàyí láti Ìkọ̀lé kọ ìtàn ilẹ̀ wa fún gbogbo ayé kà. Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ àgbẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n bí ní 1947, di akéwì ńlá.

FÚNMI: Ọmọ àgbẹ̀. Má jẹ́ kí ìyẹn bọ́ sílẹ̀.

DÉLÉ: Àǹtí, bí ó bá jẹ́ pé èèyàn ló ń gbé àṣà kalẹ̀, èèyàn náà lè gbé e kúrò nìyẹn.

FÚNMI: Ó gbọdọ̀ lè gbé e kúrò. Màá sọ èyí láìfi bò: dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin. Wọ́n ṣe é nílẹ̀ Èkìtì yìí dáadáa, wọ́n sì ní àṣà ni. Olóólà kan náà tó ń kọ ilà ló ń ṣe é, wọ́n á di ọmọ mú, á máa ké. Bí ìyà bá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ ìbímọ nígbà tó dàgbà, wọn ò so ó pọ̀ mọ́ abẹ́ tí wọ́n dá. Ní 2011, Èkìtì ṣe òfin tó de ìwà ipá tí wọ́n ń hù sí obìnrin. Ní 2015, ìjọba àpapọ̀ ṣe èyí tó ka dídá abẹ́ ọmọbìnrin sí ọ̀ràn.

DÉLÉ: Ṣé òfin náà ti ṣiṣẹ́?

FÚNMI: Òfin dára, ó fún ẹni tó bá kọ̀ ní ibi tó lè fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé tó bá sọ pé wọn ò ní fọwọ́ kan ọmọ òun, ìyá ọkọ ló ń dojú kọ, àti àwọn àǹtí ọkọ, nínú pálọ̀, láìsí adájọ́ níbẹ̀. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló ń yí àṣà padà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń gbọ́ wa, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbé ọmọbìnrin yín wálé ní ìsinmi fún nǹkan yìí, ẹ kọ̀. Ọ̀ràn ni lábẹ́ òfin ibẹ̀ láti 2003, ì báà tilẹ̀ jẹ́ òkèèrè ni wọ́n ti ṣe é. Kí òfin má tilẹ̀ sí, ẹ kọ̀.

DÉLÉ: Àṣẹ. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbi èyí tó yẹ kó parun, ká wá síbi èyí tí a ò fẹ́ kó sọnù. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ fún wọn.

FÚNMI: Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ agbẹ́gilére náà. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, Ìsẹ̀-Èkìtì ló gbé, ó kú ní 1938. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Kábíyèsí jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé, olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, òyìnbó aláṣẹ kan sì wà nínú àga tí àwọn èèyàn gbé e sí, wọ́n ń gbé e bọ̀ wá kí ọba. Àwọn ère náà yọ jáde lára igi débi pé orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára pákó. Ní 1924 wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Àwọn British Museum, mùsíọ̀mù ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ rà á, Ògògà kò tà. Ohun tó gbà ni pé kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní pààrọ̀. Ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní.

DÉLÉ: Ó ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ.

FÚNMI: Ó ń dun èmi náà, mo ti dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú. Ṣùgbọ́n gbọ́ ìyókù rẹ̀: Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òmíràn. Ọba pè é, ó mú àáké àti ọ̀bẹ rẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn sípò ti àkọ́kọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó lè gbẹ́ ẹ ṣì wà nílé, Ìkẹ́rẹ́ kò tíì pàdánù. Ìgbà tí agbẹ́gilére kò bá ní ọmọ iṣẹ́ mọ́ ni kí a tó máa sunkún.

DÉLÉ: Èyí ló kàn mí gan-an. Ọmọbìnrin mi àgbà gbọ́ Yorùbá yékéyéké. Bí mo bá ní “lọ bá mi mú omi”, á lọ. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn.

FÚNMI: Ilẹ̀kùn tó wà ní mùsíọ̀mù ló ní. Ó mọ̀ ọ́n wò, kò lè gbẹ́ ẹ.

DÉLÉ: Kí ni kí n ṣe? Ẹ má sọ pé kí n máa sọ Yorùbá sí i, mò ń sọ ọ́.

FÚNMI: Má sọ nǹkan fún un nìkan, wá ẹni tí òun náà gbọdọ̀ sọ nǹkan fún. Ìyá rẹ wà níbí, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí ọmọ náà pè wọ́n lórí fóònù, kó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwé fún wọn. Jáde kúrò nínú yàrá. Bó bá wá ọ̀rọ̀ tì, ìyá àgbà á fún un. Á ṣì í sọ, á tún un sọ.

DÉLÉ: Ìyá mi á rẹ́rìn-ín rẹ̀ ṣáá.

FÚNMI: Sọ fún wọn kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló panu mọ́ nítorí ẹ̀rín yẹn.

DÉLÉ: Mo gbọ́, màá bá wọn sọ ọ́ lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn kan lè máa rò ó pé àwa tí a wà lẹ́yìn odi, kí ló kàn wá nínú ohun tí ilé bá pinnu?

FÚNMI: Kí wọ́n rántí ogun Kírìjì. Nígbà tí àwọn jagunjagun Fábùnmi Òkèmẹ̀sí àti Ògèdèngbé Iléṣà dojú kọ Ìbàdàn, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé ní Èkó ló kó ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ jọ níbẹ̀, tí wọ́n ń fi ìbọn òyìnbó ránṣẹ́ sílé. Ní 1886, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà. Lẹ́yìn ìgbà náà, orúkọ kan náà ni wọ́n fi sọ ilé ìwé ní Ìdó-Èkìtì: Ekiti Parapo College. Àwọn tó wà lẹ́yìn odi lẹ́nu níbẹ̀ láti ìgbà náà wá.

DÉLÉ: Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́. Àṣà wo lẹ dá dúró nínú ilé yín, èwo lẹ sì bẹ̀rẹ̀ tí àwọn òbí yín kò mọ̀? Ta ló kọ́kọ́ dá a lábàá, ta ló sì takò ó? Ẹ dárúkọ ìlú yín, ẹ má dárúkọ ìyá ọkọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

FÚNMI: Ó dàbọ̀ o.